Ọrọ́ Ojú Fèrèsé

Lẹ́yìn ilé wa ní Kúta, níbi tí ọgbà wa ti bá ti agboolé kejì pààlà, ọrọ́ kan wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ó ga ju òrùlé ilé ìdáná lọ, ewé rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ̀gún ni ó fi bora. Ewúrẹ́ kì í sún mọ́ ọn. Àwa ọmọdé pàápàá kì í bá a ṣeré, nítorí wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé bí oje rẹ̀ bá ta sí ènìyàn lójú, ojú ọ̀hún lè fọ́. Ní ọdún kan tí ọyẹ́ mú gan-an, tí mo tó bí ọmọ ọdún méje, mo ti odò dé pẹ̀lú agbè omi lórí, mo sì rí i pé kò sí ohun tí ojú rẹ̀ tutù nínú ọgbà náà mọ́. Ilá ti gbẹ, ewé gbọ̀rọ̀ ti rún, ilẹ̀ ti la. Àánú ọrọ́ ṣe mí. Mo da ìdajì omi orí mi sí i nídìí. N kò mọ̀ pé ìyá tí ó bí baba mi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n ń wò mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ta ní rán ọ níṣẹ́? Ta ní í bomi rin ọrọ́?" Láti ọjọ́ náà ni ó ti di àṣà nínú ilé wa pé ẹni tí ó bá ń ṣe làálàá lórí ohun tí kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, wọn a ní ó ń bomi rin ọrọ́.

Ohun ọ̀gbìn kejì tí mo rántí nínú ilé náà ni odúndún ìyá mi. Ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀ ni wọ́n gbìn ín sí, níbi tí omi kì í ti í wọ́n. Ewé rẹ̀ nípọn, ó kún fún omi. Bí a bá fọwọ́ kàn án nígbà tí oòrùn ń mú, yóò tutù bí ẹni pé a fọwọ́ kan ara àmù. Ewé ẹ̀rọ̀ ni, òun àti tẹ̀tẹ̀ àti rinrin, kò sì sí ẹni tí ó dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ̀ pé bí a bá ń wá ìtura, a kì í fi wọ́n sílẹ̀. Bí ara bá gbóná mọ́ ọ̀kan nínú wa, ìyá mi a já ewé mélòó kan, wọn a fún omi rẹ̀ sí i lórí. Àràárọ̀ ni wọ́n ń bomi rin ín. Àwọn onímọ̀ ewéko yóò sọ pé iṣẹ́ kan náà ni odúndún àti ọrọ́ ń ṣe, nítorí àwọn méjèèjì ń fi omi pamọ́ sínú ara de ọjọ́ ọ̀dá. Ní ilé wa, kò sí ẹni tí ó jẹ́ dárúkọ wọn pọ̀. Ọ̀kan ń tu ni lára, èkejì ń fọ́ ni lójú.

Kúta, bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀ ọ́n, kò jìnnà sí Ìwó, ní ìpínlẹ̀ tí a ń pè ní Ọ̀ṣun láti ọdún 1991. Bí a bá ti dárúkọ Òwu, Abẹ́òkúta ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ, ṣùgbọ́n Òwu ni àwa náà, Olówu sì ni oyè ọba wa. Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni a mọ̀ níbẹ̀. Òjò a bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, yóò sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, yóò tún rọ̀ títí dé oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀rùn a dé, ọyẹ́ a sì tẹ̀ lé e ní nǹkan bí oṣù kejìlá, pẹ̀lú eruku rẹ̀ àti òtútù òwúrọ̀ tí í mú kí ètè là. Òtútù tí mo mọ̀ kò ju èyí lọ nígbà tí mo wọ Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984 láti lọ kàwé sí i.

Yàrá kan ni mo gbà ní apá gúúsù odò Thames, nínú ilé ìyá àgbàlagbà kan tí ọkọ wọn ti kú. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé ìdáná wọn ni mo rí àwọn ìkòkò kéékèèké bí méjìlá tí wọ́n tò sójú fèrèsé, ọrọ́ ni ó sì wà nínú gbogbo wọn. Òmíràn rí rògódó bí ọsàn, òmíràn gùn bí ìka, òmíràn ní irun funfun bí orí arúgbó. Mo dúró bí ẹni tí ó rí ará ilé rẹ̀ ní ọjà àjèjì. Mo sọ fún wọn pé a ní irú èyí nílé, pé ó ga ju ilé lọ. Wọ́n wò mí títí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bí mélòó kan, wọ́n fún mi ní àpò ìwé kékeré kan, wọ́n ní bí mo bá fẹ́ mọ ọrọ́ dénú, láti inú hóró ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí ó ra àgbà ọrọ́ lọ́jà kò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí.

Mo dúró títí di oṣù kẹrin ọdún 1985 kí n tó gbìn wọ́n. Hóró náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jọ áṣáà tí ó dà sílẹ̀. Mo ka mọ́kànlélọ́gbọ̀n (31). Ọ̀nà tí a fi ń gbìn ín kò jọ ti ohunkóhun tí mo bá baba mi gbìn lóko. A ó da yanrìn pọ̀ mọ́ ilẹ̀dú, ìdajì-ìdajì, a ó da omi híhó lé e lórí kí kòkòrò àìrí tí ń bẹ nínú rẹ̀ lè kú, a ó jẹ́ kí ó tutù. A kì í sin hóró náà sílẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ ni ó ń wá kí ó tó là. A kàn ń fọ́n ọn sórí yanrìn ni. A kì í sì í da omi lé e lórí kí ó má baà wọ́ lọ: inú omi ni a ó gbé ìkòkò náà sí, kí ilẹ̀ inú rẹ̀ máa fa omi láti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó fi ọ̀rá wé gbogbo rẹ̀, a ó gbé e síbi tí ó mọ́lẹ̀ tí ó sì móoru, ṣùgbọ́n tí oòrùn kò pa á lójú. Ní ọjọ́ kẹsàn-án mo rí àmì kan tó tutù yọ̀yọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fi pé, wọ́n ti di méjìlélógún (22).

Wọn kò jọ ọrọ́ rárá. Rògódó aláwọ̀ ewé ni wọ́n, kò sí èyí tí ó ju orí abẹ́rẹ́ olórí lọ, omi sì ń hàn nínú wọn bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé àgbáàrín sójú oòrùn. Nígbà tí ẹ̀gún wọn kọ́kọ́ yọ, ó rọ̀ bí irun ọmọ tuntun. Mo fọwọ́ kàn án, mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti bímọ méjì nílé, mo ń dìde lóru láti lọ wo ohun tí ń bẹ nínú ike ìjẹun. Nítorí pé n kò ṣí ọ̀rá náà fún afẹ́fẹ́ ní àsìkò, nǹkan funfun bí òwú ta bò wọ́n lóru ọjọ́ kan, ó pa mẹ́fà. Mẹ́rìndínlógún ni ó kù.

Ìgbà náà ni mo kọ lẹ́tà kan sí ìyá mi. Àwọn tí ó gbé òkè òkun ní àsìkò yẹn yóò rántí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ aró, tí a ó kọ ọ̀rọ̀ sí nínú, tí a ó ká a, tí yóò di àpò ara rẹ̀. Ìyá mi kò mọ̀wé kà. Ọmọ àbúrò mi kan tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó ń ka lẹ́tà fún wọn. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo ń gbìn fún wọn, ọwọ́ mi sì dúró lórí bébà. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa, n kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú lẹ́tà. Bí mo bá kọ ọrọ́ láìsí àmì, kí ni ọmọ náà yóò kà? Ó lè kà á sí ọ̀rọ̀, ó lè kà á sí ọrọ̀, inú ìyá mi yóò sì dùn. Ó lè kà á sí orò. Ó sì lè kà á sí oró, kí ó jókòó ní iwájú ìyá mi kí ó máa sọ lóhùn òkè pé ọmọ wọn wà ní Ìlú Ọba, ó ń gbin oró sínú yàrá. Àní bí ó bá tilẹ̀ kà á dáadáa, ta ni yóò gbọ́ pé ọmọ òun fi ilé sílẹ̀ lọ gbin ọrọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tí kò ní fura pé orí ọmọ náà ti dàrú? Mo wá ọ̀nà mìíràn gbé e gbà, mo lẹ lẹ́tà náà, mo fi í ránṣẹ́, n kò sì ronú nípa rẹ̀ mọ́.

Òtútù ni mo fẹ́ sọ. Ìyá onílé mi ti kìlọ̀ fún mi pé òfin méjì ni ó wà fún ọrọ́ nígbà òtútù, pé ẹni tí ó bá da òfin méjèèjì rú mọ́ ara wọn, òkú ni yóò máa sin. Òfin àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọmọdé. Ọrọ́ tí kò tíì pé ọdún kan kò ní omi tí ó tó nínú ikùn láti fi la ọ̀dá kọjá. Nítorí náà a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí òtútù mú un. Ibi tí ó móoru ni kí a gbé e sí, kí a sì máa fún un ní omi ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, bí ẹni ń fi ṣíbí bọ́ aláìsàn. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ láti oṣù kọkànlá. Ṣùgbọ́n oṣù kejì ọdún 1986 dé, ọ̀kan nínú àwọn oṣù kejì tí ó tutù jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo ọgọ́rùn-ún ọdún náà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo ti ilé ìkówèésí dé pẹ̀lú àárẹ̀, mo fa aṣọ fèrèsé bò, mo sùn. Ìkòkò kan wà láàárín aṣọ náà àti gíláàsì. Ooru yàrá kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ní òwúrọ̀, gíláàsì ti fi yìnyín ya àwòrán sí ara rẹ̀, àwọn márùn-ún inú ìkòkò náà sì ti dà bí ẹ̀wà tí a sè. Ó ku mọ́kànlá.

Òfin kejì jẹ́ ti àgbà, òun ni ó sì le jù. Láti oṣù kẹwàá, ìyá onílé mi kì í fún àgbà ọrọ́ ní ẹ̀kán omi kan. Wọ́n a kó gbogbo wọn lọ sí yàrá òkè tí wọn kì í dáná sí, tí òtútù ibẹ̀ kò ju ti inú fìríìjì lọ púpọ̀, wọ́n a fi wọ́n síbẹ̀ títí di oṣù kẹta. Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí òtútù bá dé, gbòǹgbò ọrọ́ a sùn, kò ní lè mu omi. Omi tí a bá sì dà sí i nídìí, ìdí rẹ̀ ni yóò dúró sí, yóò sì rà á. Bí a bá ní kí a gbé e síbi tí ó móoru kí ó má baà sùn, oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà òtútù kò tó láti bọ́ ọ, yóò máa nà tẹ́ẹ́rẹ́, yóò sì funfun bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Nítorí náà àánú tí ó wà fún un kò ju pé kí a pa á tì. Yóò sún kì. Ara rẹ̀ yóò hun jọ. Ènìyàn yóò rò pé ó ti kú.

N kò lè gbà á. Ní oṣù kejìlá ọdún 1986, tí àwọn tèmi ti pé ọdún kan àti ààbọ̀, mo gun òkè lọ wò wọ́n, mo rí i bí wọ́n ti hun, ọkàn mi sì bàjẹ́. Mo bu omi gbígbóná díẹ̀díẹ̀ sínú ife, mo da á sí mẹ́ta nínú wọn nídìí láìjẹ́ kí ìyá onílé mọ̀. Nígbà tí òjò dídì bo ìhà gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kìíní ọdún 1987, tí ojú irin dí, tí gbogbo wa há mọ́lé, mo tún gòkè lọ. Àwọn mẹ́jọ tí mo pa tì wà bí wọ́n ti wà. Àwọn mẹ́ta tí mo ṣàánú ti di omi. Ìyá onílé mi wò wọ́n, wọ́n wò mí, wọn kò bínú. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ náà ti ṣe é?" Bí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín ìyá baba mi ni mo gbọ́ létí.

Ní oṣù kẹta ọdún 1988, wọ́n mú mi lọ sí ọgbà Kew. Àpá ìjì líle ti oṣù kẹwàá ọdún 1987, tí ó wó igi bí ẹgbẹ̀rin dín ọgọ́rùn-ún (700) nínú ọgbà náà ní òru kan, ṣì hàn kedere. Ṣùgbọ́n ilé gíláàsì tuntun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 1987, tí oríṣi ojú-ọjọ́ mẹ́wàá wà lábẹ́ òrùlé rẹ̀ kan ṣoṣo. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ pé irọ́ ni mo pa fún ìyá onílé mi nígbà tí mo ní a ní irú ọrọ́ wọn nílé. Àwa Yorùbá ń pe gbogbo rẹ̀ ní ọrọ́, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ewéko ní ìdílé méjì ni. Tiwọn, ìdílé Cactaceae, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orísun rẹ̀, láti Kánádà títí dé ìsàlẹ̀ Ajẹntínà. Tiwa tí ó ní oje funfun, Euphorbia ni, ìbátan ẹ̀gẹ́ àti lápálápá. Ọ̀dá ni ó kọ́ àwọn méjèèjì ní ìwà kan náà, tí wọ́n fi jọ ara wọn bí ìbejì láìjẹ́ ọmọ ìyá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ẹ má wo oje nìkan, nítorí àwọn Mammillaria kan náà ń sun oje funfun. Ìdí ẹ̀gún ni kí ẹ wò. Ẹ̀gún ti Amẹ́ríkà a máa yọ láti orí ìrọ̀rí kékeré kan tí ó dà bí òwú. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú ìdílé wọn, Rhipsalis baccifera, ni ó dé inú igbó ilẹ̀ Adúláwọ̀ láìjẹ́ pé ènìyàn gbé e wá, ó sì dé Madagásíkà àti Sri Lanka pẹ̀lú. Ara igi ni ó máa ń rọ̀ sí bí okùn, ẹni tí ó bá sì rí i kò ní pè é ní ọrọ́ láéláé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé aláìlera ni ọrọ́ nítorí èyí tí mo pa. Irú rẹ̀ kan tí àwọn Òyìnbó kó lọ sí Ọsirélíà ya wọ inú oko, tí ó fi jẹ́ pé ní nǹkan bí ọdún 1925, ilẹ̀ tí ó gbà mọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ ti tó mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún (24) hẹ́kítà. Ìdin kòkòrò kan tí wọ́n kó wá láti Ajẹntínà ni ó jẹ ẹ́ run. Àwọn ará Boonarga ní Queensland kọ́ gbọ̀ngàn kan ní 1936, wọ́n sì fi sọrí kòkòrò náà. N kò tíì gbọ́ pé a fi ilé ìpàdé dá ìdin lọ́lá níbòmíràn.

Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1988 yẹn kan náà ni àwọn tèmi tanná. Mammillaria ni wọ́n, òdòdó wọn a sì máa yí orí wọn ká bí adé, pupa rẹ́súrẹ́sú. Ọdún mẹ́ta láti inú hóró. Ìyá onílé mi ní ebi tí wọ́n jẹ nígbà òtútù ni ó bí òdòdó náà, pé ọrọ́ tí ó bá jẹun yó nígbà òtútù kì í sábà tanná dáadáa.

Ní oṣù kẹjọ, mo parí ẹ̀kọ́ mi. Mo fi márùn-ún sílẹ̀ fún ìyá onílé, mo fa mẹ́ta tu, mo gbọn ilẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò wọn, mo fi ìwé ìròyìn wé wọn, mo tì wọ́n sínú ìbọ̀sẹ̀ nínú àpótí mi. Ọrọ́ lè wà láìsí ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó má kú. N kò mọ̀ nígbà náà pé àdéhùn kan wà tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Washington ní 1973, tí ó fi òfin de kíkó ọrọ́ kọjá ẹnubodè láìgba ìwé àṣẹ. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, mo ti jẹ́wọ́ rẹ̀ báyìí.

Iṣẹ́ tí mo rí, Ìbàdàn ni ó wà, inú yàrá tí kò ní fèrèsé tí ó dára ni mo sì kọ́kọ́ ń gbé. Mo kó àwọn ọrọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ìyá mi ní Kúta. Mo ní, "Màámi, ẹ bá mi tọ́jú wọn." Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbà wọ́n. Wọ́n ní, "Àwọn tí o kọ̀wé nípa wọn nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò sọ òfin kankan. Mo rò pé ilé ni a wà, pé kò sí òtútù ní Kúta, pé ẹni tí ó dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ọrọ́ kò nílò olùkọ́.

Nígbà tí mo padà wá ní oṣù kejì ọdún 1989, ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ. Méjì ni mo bá lórí pèpéle ìta, wọ́n ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ní ìdí, wọ́n ti rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó rà. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ọ̀kan, orí rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ìkẹta kò sí níbẹ̀ rárá. Mo béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọmọ àbúrò mi ni ó dáhùn, pé àràárọ̀ ni Màmá ń fún wọn lómi. Pé nígbà tí kànga fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, tí olúkúlùkù ń wá omi kiri, Màmá a bu igbá omi kan nínú àmù tiwọn kí wọ́n tó mu, wọn a pín in fún wọn.

Mo bínú. Mo sọ̀rọ̀ sí ìyá mi lọ́jọ́ náà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sí ọmọ ọ̀dọ̀. Mo ka ọdún mẹ́ta sí wọn létí, mo ka òtútù, mo ka ìyá onílé tí ó jẹ́ Òyìnbó tí ó sì mọ̀ pé a kì í fún irú wọn lómi. Mo tún bi wọ́n léèrè, níwájú àwọn ọmọdé, pé ta ní í bomi rin ọrọ́. Ẹnu tèmi yìí ni mo fi sọ ọ́, èmi tí mo bu omi gbígbóná sínú ife ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n dúró pẹ̀lú igbá lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ewé tútù ni mo pè é, ọkọ mi." N kò béèrè ohun tí ó mú kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì a rí ìkẹta. Ewúrẹ́ ni ó ti dà á nù láti oṣù kọkànlá; ó ti yí lọ sẹ́yìn àwọn ọpọ́n àti apẹ̀rẹ̀ ògbólógbòó lábẹ́ òrùlé ilé ìdáná, láìsí ilẹ̀, láìsí omi, ó ti hun, ó ti dọ̀tí, kò kú. Ìyá mi mú un wá fún mi. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́ láìsọ nǹkan kan, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn. Mo gbé e lọ sí Ìbàdàn.

Kí n má purọ́, a kò bá ara wa jà lórí rẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n tún lò láyé, a ṣeré, a jẹun pọ̀, wọ́n gbé àwọn ọmọ mi jó. Wọn kò bi mí nípa ọrọ́ náà mọ́ rí, bí wọ́n bá sì wá kí wa ní Ìbàdàn, wọn kì í ya ibi tí ó wà.

Wọ́n papò dà ní ọdún 2003. Nígbà tí a ń pín ẹrù wọn, wọ́n gbé àpótí páànù kan fún mi pé èmi ni mo ni ín. Gbogbo lẹ́tà tí mo kọ láti òkè òkun wà nínú rẹ̀, wọ́n fi òwú dì wọ́n ní ọdọọdún, àwọn tí kò mọ̀wé kà. Mo jókòó ti àpótí náà ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń kà wọ́n, mo ń fi ara mi rẹ́rìn-ín, títí mo fi dé orí èyí tí mo kọ ní oṣù keje ọdún 1985. Lẹ́yìn ìkíni àti ọ̀rọ̀ owó, mo kọ ọ́ pé mo ń gbin ewé kan sínú yàrá mi, pé kí ọkàn wọn balẹ̀, pé ewé náà dà bí odúndún.

Èmi ni mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi ni. Ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn ni mo wá, mo sì rí i. Ìyá mi kò bomi rin ọrọ́ rárá. Ewé tútù tí ọmọ wọn kọ̀wé nípa rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú, bí wọ́n ti ń tọ́jú èyí tí ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀, pẹ̀lú omi tí ó yẹ kí wọ́n mu. Mo ka ìlà náà léraléra. Ilẹ̀ ṣú kí n tó dìde.

Mo ti fẹ̀yìntì báyìí, Kúta ni mo sì ń gbé. Ọrọ́ tí ewúrẹ́ dànù ti bí ọmọ yíká ara rẹ̀, mo ti yà wọ́n sí ìkòkò mẹ́jọ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òtútù wà ní Kúta lóòótọ́, pé òjò ni. Bí òjò oṣù kẹrin bá ti bẹ̀rẹ̀, mo ń kó gbogbo wọn wọ abẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń dé tí òjò kò dé, wọn kì í sì í jáde títí ọyẹ́ yóò fi fẹ́. Nígbà náà ni mo ń gbé wọn sí ìta, kí wọ́n yá oòrùn. Ọyẹ́ tí ń gbẹ gbogbo nǹkan, ara ń tù wọ́n nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ó ti dé ilé, ìgbà mẹ́ta péré ni ó tíì tanná. Mo ti gbin hóró rẹ̀ nínú ike kan lọ́dún yìí. Mẹ́sàn-án hù, wọn kò tíì la òjò kan kọjá.

Odúndún ìyá mi ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí balùwẹ̀ àtijọ́ wà. Ní òwúrọ̀ ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, gbé bútà omi wá sídìí àwọn ìkòkò mi, ó ń gbìyànjú láti tẹ ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Bàbá àgbà, kí ni wọ́n ń pe èyí?"

Mo ní, "Ọrọ́ ni."

Ó wò ó, ó wò mí, ó sì gbé bútà náà lọ sídìí odúndún.